Ẹja Tí A Kò Tà àti Ọmọ Màlúù Tí A Kò Bí

Nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò ṣòro láti rí ọ̀mọ̀wé méjì tí iṣẹ́ wọn wà nínú ọgbà kan náà, tí owó oṣù wọn ń ti inú àpò kan náà wá, ṣùgbọ́n tí ohun tí wọ́n ń wádìí jìnnà sí ara wọn bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń wá ìdí tí abo màlúù kan fi wà láìlóyún lẹ́yìn tí ó ti jẹ koríko ọdún kan gbáko. Èkejì ń kọ ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja fún fàájì, àwọn tí kì í ta ẹja rárá, tí àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ máa ń dá ẹja náà padà sínú omi láàyè. Ó ń fẹ́ mọ iye tí ìgbádùn wọn tó bí a bá kà á ní owó.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín. Ó lè béèrè pé kí ni ó kan ìjọba nínú ìgbádùn ọkùnrin tí ó jókòó sí etí odò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìbéèrè náà kò burú, ó sì yẹ kí á dá a lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé irú àdánù kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì ń lépa, èyíinì ni àdánù tí kì í hàn ní ojú ọjà. Abo màlúù tí kò lóyún kì í ké, kì í ṣẹ̀jẹ̀. Koríko ni ó ń jẹ bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹja tí ó sì tán nínú odò tí a fi ń ṣeré kò sí nínú ìwé ìṣirò oníṣòwò kankan.

Bí irú iṣẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ará ilé kan náà kò ṣẹ̀yìn òfin mẹ́ta. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí Òfin Morrill, èyí tí ó fi ilẹ̀ ta àwọn ìpínlẹ̀ lọ́rẹ kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. (Lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ni a ti gba ilẹ̀ ọ̀hún, ọ̀rẹ tí a fi ohun onílé ta àlejò ni.) Òfin Hatch ti ọdún 1887 fi dọ́là 15,000 lọ́dọọdún fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi gbé ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1914, Òfin Smith-Lever pèsè owó fún àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ tí yóò máa gbé èsì ìwádìí náà lọ sí oko àti abúlé. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé ẹni tí ó san owó orí ni ó ni ìbéèrè, ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni a lè pè ní ìwádìí amúlò: inú ìṣòro ẹni tí yóò lo èsì náà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ìwé ẹni tí ó fẹ́ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹja ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà ni Odò Columbia wà. Inú àwọn odò kéékèèké tí ó ń ṣàn sínú rẹ̀ ni a gbé ń bí ẹja sámọ́ọ̀nù; a máa lọ dàgbà nínú òkun, a sì máa gun odò padà láti yé ẹyin síbi tí a gbé bí òun náà. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìsédò lé odò yìí nítorí iná mànàmáná àti omi oko. Ìsédò Bonneville bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1938. Grand Coulee bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní ọdún 1941, kò sì ní ọ̀nà kankan tí ẹja lè gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò sámọ́ọ̀nù sí apá òkè odò náà ṣe dópin.

Òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1936 lórí ìdènà ìkún omi ti là á sílẹ̀ pé iṣẹ́ irú èyí kò gbọdọ̀ wáyé àfi bí àǹfààní rẹ̀ bá ju ohun tí a ná lé e lórí lọ. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n ó gbé ìṣòro kan wá. Iná mànàmáná ní iye owó. Omi tí a fi ń rin oko ní iye owó. Ẹja tí àwọn apẹja ọlọ́jà ń kó lọ tà náà ní iye owó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n ń mú ọ̀pá ìwọ̀ wọn lọ sí odò ní ọjọ́ ìsinmi kò ta nǹkan kan, wọn kò sì ra ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò ní iye owó, òfo ni akọ̀wé ìṣirò ń kọ síwájú rẹ̀; ohun tí a bá sì kọ òfo síwájú rẹ̀, ògiri òkúta lè gorí rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Harold Hotelling, nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú àwọn ọgbà ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 1947. Ohun tí ó rí ni pé bí àwọn tí ń lọ ṣe fàájì kò tilẹ̀ san owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń san owó lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá san ju ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí lọ, síbẹ̀ ibì kan náà ni àwọn méjèèjì wá.

Kí á ní adágún omi kan wà tí ìlú mẹ́ta wà ní àyíká rẹ̀, kí á sì ní ìwà àwọn ará ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ síra. Ará ìlú kìn-ín-ní ń ná dọ́là 1 ní àlọ àti àbọ̀, ó sì ń lọ pẹja nígbà 10 lọ́dún. Ará ìlú kejì ń ná dọ́là 5, ó ń lọ nígbà 6. Ará ìlú kẹta ń ná dọ́là 9, nígbà 2 péré ni ó sì ń lọ. Èyí fi hàn pé bí owó ọ̀nà ará ìlú kìn-ín-ní bá tilẹ̀ di dọ́là 9, kò ní ṣàì lọ nígbà 2. Nítorí náà, ìrìn méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ tó dọ́là 9 ó kéré tán lójú rẹ̀, dọ́là 1 ni ó sì san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣe ìṣirò náà báyìí lórí gbogbo ìrìn rẹ̀, èrè tí ó fara sin fún un lọ́dún tó nǹkan bí dọ́là 50. Ti ará ìlú kejì tó 18. Ti ará ìlú kẹta kò ju 2 lọ. Obìnrin tí ó ra gàrí ní ọjà tí wọ́n sì bu èènì fún un yóò mọ ohun tí à ń wí: èènì wà nínú igbá tí ó gbé lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Èènì ni Hotelling ń fẹ́ kí ìjọba kọ sínú ìwé.

Ní ọdún 1959 ni Marion Clawson mú ọgbọ́n yìí lò fún àwọn ọgbà ìjọba tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ìbẹ̀wò sí. Ní ọdún 1964 sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, William Brown, Ajmer Singh àti Emery Castle, tẹ ìwé ìwádìí wọn jáde lórí àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja sámọ́ọ̀nù ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀ náà ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ilé kan náà tí ń tẹ ìwé lórí àlìkámà àti màlúù. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àwọn apẹja náà: èló ni ẹ ná lórí ọ̀nà, lórí oúnjẹ, lórí ibi tí ẹ sùn? Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ òfo síwájú ẹja eré ní Oregon mọ̀ pé ìwé kan wà tí yóò ta kò ó.

Ọgbọ́n náà kò sàì ní àléébù. Ìrìn sí ibi tí Odò Columbia gbà kọjá lára àwọn àpáta Celilo kì í ṣe ìrìn fàájì fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹ̀yà Yakama, Umatilla, Warm Springs àti Nez Perce. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ibẹ̀ ni ọjà wọn, ibẹ̀ sì ni ìsìn wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1957 ni a ti ilẹ̀kùn Ìsédò The Dalles, láàárín wákàtí díẹ̀ omi sì bo àwọn àpáta náà mọ́lẹ̀. Kò sí iye owó ọkọ̀ tí a lè fi wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìtàn Òṣogbo, tí wọ́n mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ títẹ́ ọwọ́ gba ẹja ni oyè Àtáọ́ja ti wá, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó lóye ìdí rẹ̀: ẹja kan wà tí iye rẹ̀ kò sí nínú jíjẹ tàbí títà, kò sì sí nínú fàájì pẹ̀lú.

Síbẹ̀, kíkà tí kò pé sàn ju òfo lọ, pàápàá ní ilé ẹjọ́. Nígbà tí ọkọ̀ epo Exxon Valdez forí sọ àpáta ní Alaska ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1989, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù epo rọ̀bì dà sínú òkun, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni a pè láti ṣírò ohun tí àwọn apẹja fàájì pàdánù, àti ohun tí ibẹ̀ tó lójú àwọn tí kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Awuyewuye tí èyí fà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi pe ìgbìmọ̀ kan jọ, tí Kenneth Arrow àti Robert Solow, àwọn méjì tí wọ́n ti gba Ẹ̀bùn Nobel, ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún 1993 ni wọ́n sọ irú ọ̀nà tí a lè gbà bi àwọn ènìyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kànga epo sì bẹ́ nínú Òkun Mẹ́síkò ní ọdún 2010, àdánù fàájì wà lára ohun tí a kà kí àdéhùn ọdún 2016 tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nínú èyí tí a yà tó bílíọ̀nù 8.8 dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe omi, ilẹ̀ àti ẹ̀dá inú wọn.

Ní pápá màlúù, ọjọ́ ni àdánù ń fara pamọ́ sí. Abo màlúù a máa gbé oyún fún nǹkan bí ọjọ́ 283. Ọjọ́ 365 ni ó wà nínú ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí abo rẹ̀ máa bí ọmọ kan lọ́dọọdún kò ní ju ọjọ́ 82 lọ lẹ́yìn ìbímọ kan tí oyún mìíràn gbọ́dọ̀ fi dúró. Nínú ọjọ́ 82 yìí, ilé ọmọ fúnra rẹ̀ nílò nǹkan bí ogójì ọjọ́ láti padà bọ̀ sípò. Abo tí ó ń fún ọmọ lọ́mú sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, nítorí ọmú tí ọmọ ń mu ń dá iṣẹ́ ilé ẹyin dúró. Ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 21 ni abo ń wá akọ, kì í sì í pọ̀ ju nǹkan bí ìdajì ọjọ́ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Nítorí náà, àǹfààní kan tàbí méjì ni ó sábà máa ń kù. Bí àǹfààní kan bá fò, ọmọ yóò fi ọjọ́ 21 pẹ́ kí ó tó wáyé. Ọjọ́ kan náà sì ni àwọn olóko Amẹ́ríkà máa ń kó gbogbo ọmọ màlúù ọdún náà lọ tà. Bí ọmọ màlúù bá ń fi kílò 1 wúwo sí i lójúmọ́, èyí tí ó pẹ́ wáyé yóò fi kílò 21 fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n. Olóko kò ní rí kílò wọ̀nyẹn, kò sì ní mọ̀ pé òun sọ wọ́n nù.

Ìwádìí lórí bí a ṣe lè dín àdánù yìí kù ti pọ̀ jọjọ. Ní Nebraska ni Trimberger ti ṣe iṣẹ́ lára àwọn màlúù oníwàrà, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1948, tí ó fi hàn pé lẹ́yìn tí abo bá ti dákẹ́ wíwá akọ ni ẹyin rẹ̀ ń já. Láti inú iṣẹ́ yìí ni òfin òwúrọ̀ àti alẹ́ ti fìdí múlẹ̀: abo tí a bá rí tí ó ń wá akọ ní òwúrọ̀, kí á fi àtọ̀ sí i nínú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èyí tí a bá rí ní ìrọ̀lẹ́, kí á dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ọdún 1949, Polge, Smith àti Parkes rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá po glisẹ́rọ́ọ̀lù mọ́ àtọ̀, ó lè dì bíi yìnyín kí ó sì tún jí padà. Láti ìgbà náà ni akọ kan ti lè ní ọmọ ní ilẹ̀ tí kò dé rí, àní lẹ́yìn ikú rẹ̀ pàápàá.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, bóyá èyí tí ó wúlò jù fún àgbẹ̀ tálákà ni èyí tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú. Ní ọdún 1962, Wiltbank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí oúnjẹ abo màlúù ṣáájú ìbímọ àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí oúnjẹ wọn kò tó ṣáájú ìbímọ pẹ́ kí wọ́n tó tún wá akọ; àwọn tí oúnjẹ wọn kò tó lẹ́yìn ìbímọ ń wá akọ ṣùgbọ́n oyún kì í fẹ́ dúró lára wọn. Láti inú irú iṣẹ́ báyìí ni àṣà fífi ojú wọn ìsanra màlúù ti wá, láti 1 tí í ṣe egungun lásán títí dé 9 tí í ṣe ọ̀rá bọ̀kọ̀tọ̀. Àmọ̀ràn wọn ni pé kí abo wà ní 5 nígbà tí ó bá fẹ́ bímọ. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó. Ojú àti ọwọ́ ni a fi ń ṣe é. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé akọ. Akọ kan lè wà fún abo 25, nítorí náà akọ tí àtọ̀ rẹ̀ kò dára ń ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ fún gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ẹran fi ń wọn àpò kórópọ̀n akọ tí ó tó ọdún kan, tí wọn kì í sì í gba èyí tí àyíká rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 30.

Yunifásítì Wisconsin ni ó so ìtàn yìí mọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni Lester Casida ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ họ́mónù àti bíbímọ ẹran ọ̀sìn. Ibẹ̀ náà ni Pursley, Mee àti Wiltbank mìíràn ti tẹ ètò kan jáde ní ọdún 1995, nínú èyí tí abẹ́rẹ́ mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án ń mú kí ẹyin já ní wákàtí tí a lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò fi sí ìdí láti máa ṣọ́ ìgbà tí abo ń wá akọ. Wisconsin yìí kan náà ni ó bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe àdéhùn ní ọdún 1964 láti ran ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ ti ọ̀hún wá, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì lọ kàwé ní Madison.

Ohun tí wọ́n lè kó bọ̀ láti ọ̀hún ni ọ̀nà tí a ń gbà bi ìbéèrè. Ìdáhùn kò ṣe é kó wọlé bẹ́ẹ̀ lásán. Màlúù tí ó pọ̀ jù lọ ní ojú ọ̀nà àti ọjà ilẹ̀ Yorùbá ni màlúù funfun oníké ti àwọn Fúlàní, tí wọ́n ń pè ní Bunaji. Nínú ọ̀pọ̀ agbo tí a ti ṣe ìwádìí wọn, àlàfo ìbímọ kan sí òmíràn sún mọ́ ọdún méjì. Ó rọrùn láti dá darandaran lẹ́bi, kí á fi ọjọ́ 82 gún un lójú. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn, koríko tí ó wà ní pápá kì í ṣe ti ìsanra 5. Bákan náà, ọmọ màlúù àti ìyàwó darandaran ni wọ́n jọ ń pín wàrà: ọmọ ń mu tirẹ̀, ìyàwó ń fún tirẹ̀, tí ó fi ń ṣe wàràkàṣì tà. Wàrà tí ó ń jáde lójoojúmọ́ yìí, tí ó ń dá oyún tuntun dúró, ni owó ọbẹ̀ ilé náà. Ẹni tí ó bá ka ọmọ màlúù nìkan ti kọ òfo síwájú wàrà, bí wọ́n ti kọ ọ́ síwájú ẹja eré ní ọjọ́ àná. Bákan náà ni ẹni tí ó bá fi ìwúwo nìkan wọn màlúù kékeré tí kò ní iké, tàbí màlúù N'Dama irú èyí tí wọ́n sìn ní Fàṣọlà lẹ́bàá Ọ̀yọ́, yóò ṣe sọ wọ́n nù, láìrántí pé wọ́n ń wà láàyè níbi tí eṣinṣin tsetse ti ń pa àwọn oníké.

Òfin òwúrọ̀ àti alẹ́ gan-an kò dúró déédéé lórí màlúù oníké. Wíwá akọ tirẹ̀ kúrú ju ti màlúù òyìnbó lọ; ó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ sì ni ó ń bẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń parí lóru. Òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí tí ó dé pápá ní aago méje òwúrọ̀ pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yóò kọ pé òun kò rí nǹkan kan, òtítọ́ ni yóò sì kọ. Ẹni tí ó sùn ti agbo nìkan ni ó lè rí i: darandaran tí ó fún abo kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, tí ariwo pátákò jí nídìí iná lóru, tí ó sì lè sọ ní òwúrọ̀ èyí tí kò jẹ́ kí àwọn yòókù sùn.